Bí Alhaji Àbídì Ṣe Kó Àpòmù Jáde Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Onídòdò

Àwọn ènìyàn kan wà, bí o bá fi ìlú lé wọn lọ́wọ́, wọn ò ní béèrè ibi tí omi wà, wọn ò ní béèrè bí ọ̀nà oko ṣe rí. Àga ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀kan nínú wọn ni Alhaji Àbídì Gàrúbà ará Àpòmù, igbákejì ààrẹ Ẹgbẹ́ Onídòdò Ìkirè òun Àpòmù. Ẹni tó bá ń kánjú kó máa lọ. Ẹni tó bá ráyè, kó jókòó kí n ròyìn bí ọkùnrin yìí ṣe gòkè àti bí ó ṣe sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹ̀rín ibẹ̀ pọ̀ ju ẹkún rẹ̀ lọ.

Ta ni kò mọ dòdò náà? Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ti rí àwọn obìnrin tí ń gbé e sá tẹ̀lé ọkọ̀ lójú títì: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n títí èèpo rẹ̀ fi dúdú, tí wọ́n gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n dín nínú epo pupa. Orúkọ Ìkirè ni wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n Ìkirè àti Àpòmù sún mọ́ra débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Àwọn ìyá àgbà ìlú méjèèjì ló jọ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kí awakọ̀ má baà máa rẹ́ ẹni tó dá dúró jẹ. Ó sì gbè wọ́n. Àmọ́ ohun tó gbe ìyá lè má gbe ọmọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣẹlẹ̀, Ìkirè ni ìpàdé, Ìkirè ni àpótí ẹgbẹ́, Ìkirè ni gbogbo ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já ẹrù sí. Èyí tí àwọn ará Ìkirè bá ṣà kù ni wọ́n ń kó wá fún Àpòmù. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin Àpòmù tí wọ́n kàwé tí wọn ò ríṣẹ́ ya sójú títì láti tajà, ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ní kí wọ́n dúró ná kí àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tà tán. Bí ọ̀dọ́ Àpòmù bá nawọ́ ní ìpàdé, wọn a ní kó jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀; bí àgbà Àpòmù bá nawọ́, wọn a ní àkókò ti lọ.

Gbogbo èyí kò kan Alhaji Àbídì. Ohun tó ń dùn ún ni pé igbákejì ni òun. Iṣẹ́ igbákejì kò ju kó fi àdúrà ṣí ìpàdé, kó sì fi àdúrà pa á dé, ṣùgbọ́n àdúrà rẹ̀ gùn débi pé àwọn kan a lọ jẹun kí wọ́n tó padà wá ṣe àmín. Ọkùnrin kan wà tó máa ń tẹ̀lé e káàkiri, Fágbàmílà lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì niṣẹ́ rẹ̀. Bí Àbídì bá ti sọ gbólóhùn kan, Fágbàmílà a mi orí, a ní, "Ó débẹ̀." Ó ń sọ ọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ bá sín. Lọ́jọ́ tí Alhaji fẹsẹ̀ kọ tó ṣubú níwájú mọ́ṣáláṣí, Fágbàmílà wo ilẹ̀, ó ní, "Ó débẹ̀." Òótọ́ ló sì sọ.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ṣí ìsọ̀ tuntun kan. Owó tí ìlú méjèèjì jọ dá ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìkirè ni wọ́n kọ́ ọ sí, páànù orí rẹ̀ sì ń kọ mànà. Alhaja Raliat, ààrẹ ẹgbẹ́, obìnrin Ìkirè tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó síwájú. Ibi tí wọ́n fi àga Àbídì sí, ẹ̀yìn sípíkà kan tó ga bí ilẹ̀kùn ni. Nígbà tí fọ́tò ọjọ́ náà jáde lórí fóònù, fìlà rẹ̀ nìkan ló yọ. Àwọn obìnrin Àpòmù ní tiwọn dúró sínú oòrùn, wọ́n ń wo òrùlé tí wọ́n bá wọn dáwó rẹ̀, tí wọn ò ní jókòó sábẹ́ rẹ̀ láéláé. Gbogbo wọn ló bínú lọ sílé. Àwọn obìnrin bínú nítorí òrùlé, Alhaji bínú nítorí fìlà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó tan rédíò. Olóòtú kan ń ṣàlàyé ohun tó mú kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ ṣe é. Ó ní àwọn ìlú kan wà lọ́hùn-ún tí ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ti kógbá sílé, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ṣí lọ, tí owó oṣù kò kúrò lójú kan. Wọ́n ń wo ìlú ńlá tó ń dán, tiwọn ń ṣá. Ó ní àlejò ń wọlé wá ṣiṣẹ́, wọ́n sì di gbogbo ẹ̀bi ru àlejò, títí kan èyí tó jẹ́ ti ìjọba. Ó ní ohun tó dun àwọn àgbàlagbà jù ni pé òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣòfin lé wọn lórí, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n. Ó wá fi kún un pé àwọn olóṣèlú kan tún wà níbẹ̀ tí wọn ò wo nǹkan kan ju ipò lọ. Gbogbo rẹ̀ ni Alhaji gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ló mú níbẹ̀: pé ènìyàn lè kúrò.

Ó pe Nàfísátù ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Ìyá Ikhlas, ṣé o mọ̀ pé bí Àpòmù bá kúrò nínú ẹgbẹ́, igbákejì ò sí mọ́?"

Nàfísátù bi í pé níbo ni wọn ó ti máa rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rà. Alhaji ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, kó má fi ọ̀rọ̀ ikùn da ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè rú.

Kò pẹ́ tó fi pe ìlú jọ sí pápá ilé-ìwé. Ó wọ agbádá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, ó gba máíìkì, ó dákẹ́ títí àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ti sùn. Nígbà tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ dún bí ti ẹni tó wà lórí òkè.

"Ẹ̀yin ọmọ Àpòmù, ọmọ akin! Títí di ìgbà wo la ó máa jẹ́ ìrù, tí ẹlòmíràn ó máa jẹ́ orí?"

"Ó débẹ̀," ni Fágbàmílà wí.

"Kí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tí a ò ní? Wọ́n ní omi, a ní omi. Wọ́n ní ọba, a ní ọba. Wọ́n ní òtútù, a ní fíríìjì."

"Ó débẹ̀."

Ó sọ̀rọ̀ títí òjìji igi fi yí padà. Ó sọ ti ọlá, ó sọ ti ògo, ó sọ ti àga iwájú. Kò mẹ́nu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ rárá.

Nígbà tó jókòó, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Soliat ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Soliat ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tipẹ́, ó wáṣẹ́ wáṣẹ́ kò rí, ó wá gbé àwo dòdò ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò bá Ìkirè jà, ọkọ ẹ̀gbọ́n òun ará Ìkirè ni. Àmọ́ àṣẹ́kù ni àwọn ń rà, inú oòrùn ni àwọn ń jókòó, bí àwọn bá sì lọ sọ ọ́ ní ìpàdé, wọ́n ń fi àwọn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní bí kíkúrò bá lè jẹ́ kí àwọn fọwọ́ ara àwọn ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko, òun fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé ó débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ̀ pé ó débẹ̀.

Wọn ò lo ìwé ìbò. Wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ kúrò tò sábẹ́ igi máńgòrò, kí ẹni tó fẹ́ dúró tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn tó lọ́mọ nílé ọkọ ní Ìkirè lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti àwọn tó ń bẹ̀rù pé tuntun lè burú ju ògbólógbòó lọ. Síbẹ̀ ìlà abẹ́ máńgòrò gùn jù. Alhaji Àbídì sunkún ayọ̀. Ó rò pé òun ni wọ́n tò tì. Nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Alhaja Raliat ní Ìkirè, ohun tó sọ kò ju pé ẹni tó bá ń jáde kó rọra pa ilẹ̀kùn dé, nítorí ará ilé kan náà ni àwọn jọ jẹ́.

Ìṣàkóso òmìnira wá bẹ̀rẹ̀. Alhaji kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ joyè: Ààrẹ Àgbà, Olùtúsílẹ̀ Àpòmù, Baba Òmìnira, Ìjì Tí Ń Mi Ìkirè. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe oyè náà tán. Obìnrin kan wá sọ fún un pé ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ èlùbọ́ òun. Kó tó pe oyè tán, èlùbọ́ ti tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí káfíńtà kan kan àga fún òun. Àga náà fẹ̀ débi pé kò gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé wọlé, wọ́n sì wó ògiri láti gbé e wọlé. Ẹ lè bi mí pé òrùlé tí àwọn obìnrin ń retí ńkọ́. Ó ní àga ni ìpìlẹ̀, òrùlé yóò tẹ̀lé e. Òjò sì ń gba ibi ògiri tí wọ́n wó wọlé wá bá àga.

Lẹ́yìn èyí ló yí orúkọ ọjà padà. Ó ní Dòdò Àpòmù ni wọn ó máa pè é, obìnrin tó bá sì dárúkọ Ìkirè lójú títì yóò san owó ìtanràn. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo Dòdò Àpòmù sétí àwọn èrò ọkọ̀. Àwọn èrò a wojú ara wọn. Ọkùnrin kan yọjú láti inú bọ́ọ̀sì, ó bi wọ́n bóyá oògùn ikọ́ ni. Ìyá Soliat ló wá dá ọgbọ́n kan, ó ní kí wọ́n máa ké e pé, "Dòdò Àpòmù, àbúrò èyí tí ẹ mọ̀!" Ìyẹn sì tà díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń lọ dáadáa, Alhaji kò sì lọ́wọ́ níbẹ̀. Soliat àti àwọn obìnrin kan ti lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Ararọ̀mí-Òwu, wọ́n dúnàádúrà, wọ́n sì rí awakọ̀ kan, Khalid, tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá bá wọn tààrà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń dé dára ju èyí tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹnu ya àwọn tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pàápàá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń lọ láìsí ọwọ́ ọ̀gá, kì í dùn mọ́ ọ̀gá. Alhaji ronú, ó ní kò sí orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹnubodè. Ó bá na ọparun kan dábùú ọ̀nà tó wọ ọjà. Ó ní ẹrù kankan kò gbọdọ̀ wọlé àfi bí òun fúnra òun bá gbé ọparun náà sókè, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Fágbàmílà ló fi ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́, Alhaji kò sí nílé. Àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Aṣáájú Rere ní kó wá gba àwo ẹ̀yẹ lápá Aṣéjìrè, ó sì ti kọ́kọ́ san owó àwo náà, owó gbọ̀ngàn, àti owó àwọn tí yóò pàtẹ́wọ́. Bó ṣe lọ tán ni ọkọ̀ Khalid dé. Àwọn obìnrin ti da gbogbo owó ọjà wọn sórí ẹrù yẹn, torí ọdún Iléyá ti ń bọ̀, èrò yóò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sì ti pọ́n bó ṣe yẹ kó pọ́n, èyí túmọ̀ sí pé kò ní sùúrù mọ́.

Fágbàmílà ní òun ò lè gbé ọparun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, wọn ò sì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mọ́ láti fi san owó ìtanràn bí wọ́n bá gbé e fúnra wọn. Soliat pe Alhaji lórí fóònù. Alhaji ní kí wọ́n dúró de òun, pé orílẹ̀-èdè kì í ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí baba rẹ̀ kò sí nílé. Ó sùn lọ́hùn-ún, nítorí àwọn tó ń yìn ín kò tíì yìn ín tán. Oòrùn pa ọkọ̀ náà, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, oòrùn tún pa á. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lábẹ́ ọkọ̀. Oyin dé.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Alhaji padà dé, àwo ẹ̀yẹ lọ́wọ́. Ó rí èrò, ó rò pé wọ́n wá pàdé òun ni. Soliat fẹ́ sọ̀rọ̀, ó nawọ́ dá a dúró, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é létòlétò. Ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé àyà sókè.

"Mo kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí káàbọ̀ sí ilẹ̀ òmìnira," ló wí, ó sì fi ọwọ́ gbá ìdí ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi èdìdì dì í.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti di ọbẹ̀ ya lulẹ̀ bí odò, ó gbé agbádá, ó gbé àwo ẹ̀yẹ, ó bo Alhaji dé àyà. Fágbàmílà wo ọ̀gá rẹ̀ láti òkè dé ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dé. Bóyá ẹ̀rù ló bà á ni, bóyá àṣà ni, èmi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Ó débẹ̀."

Ẹ̀rín tó bú jáde lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Ìkirè. Oyin lé Alhaji wọlé. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, àwọn obìnrin wo ohun tó wà nílẹ̀, Soliat sì jókòó sórí òkúta kan, ó sunkún. Gbogbo owó tí wọ́n ní ló wà nílẹ̀ yẹn. Ìyá rẹ̀ nu ojú rẹ̀, ó gbé ọparun kúrò lójú ọ̀nà, ó jù ú sínú igbó.

Wọ́n pe ìpàdé sí pápá ilé-ìwé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Alhaji wá, ojú rẹ̀ wú níbi tí oyin ti ta á. Ó ti múra ọ̀rọ̀ gígùn kan sílẹ̀ lórí ìfarajìn àwọn olórí, ṣùgbọ́n Soliat ló kọ́kọ́ dìde.

Ó ní, "Alhaji, a ò kúrò nítorí pé Ìkirè burú. A kúrò nítorí pé wọn ò bi wá kí wọ́n tó ṣe nǹkan. Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ bi wá?"

Alhaji la ẹnu. Ó ní ìbéèrè náà jinlẹ̀, ó ní apá mẹ́rin ni òun yóò pín ìdáhùn rẹ̀ sí. Kí ó tó dé apá kìíní, àwọn ènìyàn ti ń tò. Wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ kí Àbídì máa ṣe ààrẹ lọ sábẹ́ máńgòrò, kí àwọn yòókù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Alhaji lọ dúró sábẹ́ máńgòrò, Fágbàmílà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Fágbàmílà ní èèrà ń jẹ òun níbẹ̀, ó sún díẹ̀. Ó tún sún. Nígbà tí Alhaji máa fi wẹ̀yìn, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wo òkè. Nàfísátù wá sábẹ́ máńgòrò, inú ọkọ rẹ̀ dùn. Obìnrin náà tún fìlà rẹ̀ ṣe fún un, torí ó ti wọ́, ó rọra fọwọ́ kan ibi tó wú lójú rẹ̀, ó sì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Alhaji dá dúró. 

Wọn ò yan ààrẹ mìíràn. Wọ́n ní àwọn ó máa jókòó yí ká ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn yóò sọ ọ́. Soliat àti àwọn obìnrin kan lọ sí Ìkirè, wọ́n bá Alhaja Raliat sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná. Wọn ò padà sínú ẹgbẹ́. Wọ́n fẹnu kò pé kí oníkálukú máa ṣe ìpàdé tirẹ̀, kó máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ níbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n orúkọ dòdò, àwọn ìyá àgbà ló jọ ni ín, kò sí ẹni tó lè fi du ẹnì kejì. Alhaja Raliat fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ ṣe wọ́n lóore láti fi bẹ̀rẹ̀ padà. Ó tún sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn pé ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn, àwọn ò ṣe é dáadáa.

Alhaji jókòó sílé, ó ń retí àwọn tí yóò wá bẹ̀ ẹ́. Ìgbàkúùgbà tí ẹnu ọ̀nà bá dún, ó ń tún agbádá ṣe, ewúrẹ́ ni. Nígbà tó sú u, òun náà wọ ọkọ̀ lọ bá Alhaja Raliat. Ó sọ fún un pé òun ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, àti pé, nítorí àlàáfíà, òun ṣe tán láti padà wá ṣe igbákejì rẹ̀, òun nìkan.

Alhaja fún un lómi mu. Ó fara balẹ̀ wò ó.

"Alhaji, mo ti ń fẹ́ bi yín tipẹ́. Ẹ ti dín dòdò rí?"

Alhaji ní òun ti ṣe alábòójútó rẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún.

"Mo ní, ẹ ti dín in rí?"

Ní gbogbo ayé Alhaji, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, jíjẹ ló mọ̀.

Alhaja kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹgbẹ́ onídòdò ni. Ẹ lọ kọ́ ọ ná, kí ẹ tó padà wá." Ó sì di díẹ̀ fún un kó máa jẹ lọ́nà.

Nígbà tó délé, Nàfísátù wà lẹ́yìnkùlé nídìí odó. Alhaji dúró tì í, ó wúkọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìtàn ènìyàn ṣe máa ń yí padà àti bí àwọn ọkùnrin ńlá ṣe máa ń rẹ ara wọn sílẹ̀. Nàfísátù gbọ́ ọ títí dé ibi kan, ó sì ti ọmọ odó sí i lọ́wọ́.

"Ẹ gún un ná, Alhaji."

Ó bọ́ agbádá, ó gún un. Kò mọ̀ ọ́n gún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta sí i láṣọ, ata ta sí i lójú, ọmọ odó sì ń gba etí odó. Ikhlas ọmọ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Ó gún un títí òógùn fi bò ó. Níkẹyìn ó dáwọ́ dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì wojú ìyàwó rẹ̀ bóyá yóò yin òun.

Nàfísátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú odó.

"Kò tíì kúnná," ló wí.